Toro mẹ́rin, ẹ̀yìn mẹ́rin

Ní alẹ́ àná, sítáǹpù toro (kọ́bọ̀ mẹ́ta ayé àtijọ́) mẹ́rin ni mo tẹ́ sórí tábìlì mi. Orí Ọba George Karùn-ún wà lára gbogbo wọn, àwọ̀ àlùkò ni a fi tẹ gbogbo wọn sórí bébà pupa rúsúrúsú, bí ẹnikẹ́ni bá sì wò wọ́n láti iwájú, yóò bi mí pé kí ni mo fẹ́ fi mẹ́rin ṣe nígbà tí ọ̀kan ti tó. Mo wá fi ẹ̀mú kékeré yí wọn dojú bolẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀yìn ti àkọ́kọ́ funfun nini, nítorí pé ojú bébà nìkan ni a kùn, àwọ̀ náà kò wọ inú rẹ̀. Ẹ̀yìn ti èkejì rí bí èèpo ọsàn wẹ́wẹ́ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pọ́n. Ti ẹ̀kẹta pọ́n ju bẹ́ẹ̀ lọ, bíi pupa inú ẹyin. Ti ẹ̀kẹrin sì ṣú díẹ̀, ó sún mọ́ àwọ̀ ara ìbẹ́pẹ tí ó ti pọ́n. Ìlà mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n gbà nínú ìwé àkọsílẹ̀ mi. Bí mo ṣe dé ibi tí mo ti ń fún ẹ̀yìn sítáǹpù ní ìlà tirẹ̀ ni mo fẹ́ sọ.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni ó bẹ̀rẹ̀ àkójọ náà. Akọ̀wé ilé ìfìwéránṣẹ́ ni wọ́n nígbà ayé wọn, inú agolo bisikíìtì kan ni wọ́n sì ń kó àwọn sítáǹpù tí wọ́n bá gé lára àpò ìwé sí, láìtò wọ́n, láìkọ ohunkóhun nípa wọn. Nígbà tí agolo náà di tèmi, mo ra álíbọ́ọ̀mù, mo sì tò wọ́n bí ọmọdé ṣe máa ń tò ó: ojú ọba kan sí ojú ewé kan, owó kékeré ṣáájú owó ńlá, èyí tí ó bá sì jọ èyí tí mo ti ní, n óò dà á padà sínú agolo. Ọdún mẹ́ta gbáko ni mo fi ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn tí mo ń dà padà sínú agolo yẹn ni ó wá di ìdajì ohun tí mo kà sí àkójọ mi lónìí.

Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ohun tí ó ní yóò kọ́kọ́ wá ìwé àkójọ kan tí ó lè gbára lé, èyí tí ó to sítáǹpù lẹ́sẹẹsẹ tí ó sì fún oríṣi kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà. Ti Stanley Gibbons ni èmi ń lò. Ní ọdún 1865 ni ọ̀gbẹ́ni náà kọ́kọ́ tẹ ìwé iye owó sítáǹpù jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìwé rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àwọn tí ń kó sítáǹpù àwọn ilẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ṣàkóso jọ sì máa ń tọ́ka sí títí di òní. Àwọn ará Amẹ́ríkà ń lo Scott, àwọn ará Jámánì ń lo Michel, àwọn Faransé ń lo Yvert et Tellier, nọ́ńbà tí ọ̀kan fún sítáǹpù kan kò sì bá ti èkejì mu. Ní ìbẹ̀rẹ̀, nọ́ńbà Gibbons nìkan ni mo ń kọ sí ẹ̀gbẹ́ sítáǹpù kọ̀ọ̀kan, mo sì rò pé iṣẹ́ ti parí. Àṣìṣe ńlá ni. Nọ́ńbà náà ń sọ ohun tí mo pinnu pé sítáǹpù náà jẹ́, kò sọ ohun tí mo rí lára rẹ̀ tí mo fi pinnu bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ní ọjọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í fura pé mo ti ṣi àwọn kan mú, kò sí ohun tí mo lè yẹ̀ wò nínú ìwé mi, àfi kí n kó gbogbo sítáǹpù náà jáde kí n sì tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀.

Sítáǹpù kọ́bọ̀ kan ti Ọba George Kẹfà ni ó mú ìfura náà wá. Pupa ni sítáǹpù yìí nígbà tí ó kọ́kọ́ jáde ní 1938. Ní 1944 ni wọ́n sọ ọ́ di aláwọ̀ àlùkò, aláwọ̀ àlùkò sì ni tèmi. Ihò etí rẹ̀ ni ọ̀ràn wà. Bí a ṣe ń wọn ihò etí sítáǹpù ni pé a óò ka iye ihò tí ó wà nínú sẹ̀ǹtímítà méjì, ọ̀nà tí dókítà ará Faransé kan tí ń jẹ́ Legrand là sílẹ̀ ní 1866, tí kò sì tíì sí ẹni tí ó rí èyí tí ó sàn jù ú lọ. Oríṣi méjì ni kọ́bọ̀ aláwọ̀ àlùkò yìí: èyí tí ihò rẹ̀ jẹ́ 12, àti èyí tí ihò rẹ̀ jẹ́ 11½, tí kò jáde títí di 1950. Ìdajì ihò péré nínú sẹ̀ǹtímítà méjì! Mo gbé e lé ìwọ̀n, mo rí 11½, inú mi dùn, mo fún un ní nọ́ńbà, mo sì kọjá lọ. Ó tó oṣù mélòó kan kí n tó fi awò wo òǹtẹ̀ tí ilé ìfìwéránṣẹ́ lù ú. IBADAN ni mo kà níbẹ̀, ọdún tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ sì hàn kedere: 1946. Sítáǹpù tí a kò tíì tẹ̀ títí di 1950 kò lè gbé lẹ́tà lọ ní 1946. Mo tún un wọ̀n, lọ́tẹ̀ yìí ní etí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó sì jẹ́ 12 géérégé.

Ohun tí ó fà á kò ju ìkánjú lọ. Etí kan ṣoṣo ni mo wọ̀n, èyí tí ó kúrú, mo sì wọ̀n ọ́n nígbà tí omi tí mo fi rẹ ẹ́ kúrò lára àpò ìwé kò tíì gbẹ tán. Bébà tí ó tutù a máa fẹ̀. Bí ó bá fẹ̀, àwọn ihò rẹ̀ a jìnnà síra wọn, iye tí a óò kà nínú sẹ̀ǹtímítà méjì a sì dín. Láti ọjọ́ náà ni òpó méjì ti wọ inú ìwé mi tí kò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀: ọjọ́ tí mo wọn sítáǹpù náà, àti ohun tí òǹtẹ̀ ara rẹ̀ sọ. Ẹlẹ́rìí gidi ni òǹtẹ̀ ilé ìfìwéránṣẹ́, ṣùgbọ́n apá kan ṣoṣo ni ẹ̀rí rẹ̀ ti wúlò. Ó lè sọ pé sítáǹpù kan ti wà nílẹ̀ ní ọdún báyìí. Kò lè sọ pé ọdún yẹn ni a tẹ̀ ẹ́, nítorí ẹlòmíràn a máa ra sítáǹpù pamọ́ sínú dúrọ́ọ̀ fún ọdún márùn-ún kí ó tó lẹ̀ ẹ́. Òǹtẹ̀ 1952 lára kọ́bọ̀ mi kì bá tí ràn mí lọ́wọ́ rárá.

Ìṣòro yìí kì í pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ lára àwọn sítáǹpù olówó ńlá. Ṣílè méjì ààbọ̀ ti ìgbà George Kẹfà, èyí tí àwòrán ọ̀nà Victoria sí Buea wà lára rẹ̀, wà ní ihò 13×11½, ó wà ní 14, ó tún wà ní 12, ẹni tí ojú rẹ̀ bá sì ti mọ́ wọn lè yà á mọ̀ kí ó tó mú ìwọ̀n. Bí a bá kọ 13×11½, nọ́ńbà àkọ́kọ́ jẹ́ ti òkè àti ìsàlẹ̀, èkejì jẹ́ ti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Ẹni tí ó bá dà á rú yóò dá oríṣi tí kò sí láyé sílẹ̀ nínú ìwé rẹ̀. (Kamẹrúùnù ni ìlú Victoria yẹn wà lónìí, Limbe ni ó sì ti ń jẹ́ láti 1982. Nígbà tí a tẹ sítáǹpù náà, pẹ̀lú Nàìjíríà ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso agbègbè rẹ̀ pọ̀.)

Àmì tí ó fara pamọ́ sínú bébà ni ó le jù fún mi láti kọ́, òun náà sì ni mo wá fẹ́ràn jù. Àwọn sítáǹpù Èkó ni mo fi kọ́ ọ. Ní oṣù kẹfà ọdún 1874 ni ti àkọ́kọ́ jáde, De La Rue ní Lọ́ńdọ̀nù ni ó tẹ̀ wọ́n, orí Ọbabìnrin Victoria ni ó wà lára wọn. Àwọn ti 1874 ní adé àti lẹ́tà CC nínú bébà wọn, ihò etí wọn sì jẹ́ 12½. Láti 1876, adé àti CC ṣì ni, ṣùgbọ́n ihò ti di 14. Láti 1882, ihò 14 kò yí padà, lẹ́tà inú bébà ni ó di CA, èyí tí í ṣe àmì Crown Agents, àwọn aṣojú tí ń bá àwọn ilẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso ra nǹkan. Ojú kan náà ni, ọbabìnrin kan náà ni, ìgbà mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sì ni. Ẹni tí kò bá wọn ihò tí kò sì wo inú bébà yóò kà wọ́n sí ọ̀kan. Lẹ́yìn ìyẹn ni àmì náà di èyí tí a tẹ̀ káàkiri bébà láti 1904, tí adé àti CA fi ń wá lápá lápá lára sítáǹpù kọ̀ọ̀kan, irú èyí tí ó wà nínú toro mẹ́rin mi wọ̀nyí. Ní 1921 ni lẹ́tà náà wá yí padà sí èyí tí ó rí bí ìkọ̀wé ọwọ́.

Bí a ṣe ń wò ó nìyí. A óò dojú sítáǹpù bolẹ̀ sínú àwo dúdú pẹlẹbẹ, a óò kán bẹnsíìnì díẹ̀ lé e, ibi tí bébà ti fẹ́lẹ́ yóò sì dúdú ju ibi yòókù lọ fún ìwọ̀nba ìṣẹ́jú àáyá, títí tí bẹnsíìnì náà yóò fi fò lọ. Fèrèsé ni kí ó ṣí sílẹ̀, kí iná má sì sí nítòsí, àti àbẹ́là pàápàá, ẹni tí NEPA bá mú iná lọ mọ́ lọ́wọ́ mọ ohun tí mo ń sọ. Ọ̀pọ̀ ìgbà, ohun tí mo máa ń rí kò ju apá kan adé àti ẹsẹ̀ lẹ́tà A lọ. Ohun tí mo bá rí gan-an ni mo máa ń yà sínú òpó àmì bébà, n kì í kọ ohun tí ó yẹ kí ó wà níbẹ̀.

Ibi yìí náà ni mo ti jẹ gbèsè tí n kò ní san tán. Sítáǹpù Èkó aláwọ̀ ewé kan wà nínú agolo náà, ti ààbọ̀ kọ́bọ̀. Bébà àpò ìwé ṣì lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀, èmi ọ̀mọ̀ràn sì jù ú sínú omi lọ́wọ́ọ́wọ́ pẹ̀lú àwọn yòókù, mo lọ jẹun. N kò mọ̀ nígbà náà pé De La Rue mọ̀ọ́mọ̀ lo tádáwà tí kì í farada omi fún àwọn àwọ̀ ewé àti àlùkò kan, kí ẹni tí ó bá fẹ́ fọ òǹtẹ̀ kúrò lára sítáǹpù láti tún un lò má baà rí i ṣe. Nígbà tí mo fi máa dé, àwọ̀ ewé ti di pupa rúsúrúsú bí ewé ògbólógbòó. Ó ṣì wà nínú ìwé mi, nọ́ńbà 61. Nínú òpó ipò rẹ̀, mo kọ ọ́ báyìí: omi bà á jẹ́, ọwọ́ mi ni. Ó yẹ kí ó wà níbẹ̀, nítorí pé bí n kò bá kọ ọ́, ẹlòmíràn tí ó bá jogún àkójọ yìí lè ka àwọ̀ burúkú yẹn sí oríṣi tuntun.

Àwọn ìyàtọ̀ kan tún wà tí ìwọ̀n kankan kò lè fi hàn. Lára àwọn George Karùn-ún tí a tẹ̀ sórí bébà ti 1921 sí 1932, irin ìtẹ̀wé méjì ni wọ́n lò fún ojú sítáǹpù, ìwé àkójọ sì ń pè wọ́n ní Die I àti Die II. N óò gbé awò lé ibi tí adé wà, n óò wo àwọn ìlà abẹ́ orúkọ ilẹ̀, n óò sì dúró lórí ìlà kejì, èyí tí ó nípọn. Bí wọ́n bá gé orí ìlà náà ní ìdagẹ̀rẹ̀ tí ó ń bá ara adé lọ ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ti àkọ́kọ́ ni. Bí wọ́n bá gé e kúrú tí orí rẹ̀ sì dúró ṣánṣán bí ẹni fi ọ̀bẹ gé iṣu, ti kejì ni. Bí òǹtẹ̀ dúdú bá wá bọ́ sórí ibẹ̀ gan-an, ó tán, àmì ìbéèrè ni n óò kọ.

Àmì ìbéèrè yẹn jẹ́ ohun tí mo ń jà fún. Mo ti bá àwọn akójọ-sítáǹpù kan sọ̀rọ̀ tí ojú ń tì láti fi àyè kan sílẹ̀ nínú ìwé wọn, tí wọ́n á fẹ́ kí gbogbo sítáǹpù ní nọ́ńbà tí ó pé. Lójú tèmi, ìwé tí kò ní àmì ìbéèrè kankan kò ṣeé gbà gbọ́. Nínú tèmi, sítáǹpù kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tèmi tí kò ní ìtumọ̀ kankan, tí kò sì ní yí padà láé. Bí mo bá ta sítáǹpù náà, nọ́ńbà rẹ̀ kò ní bọ́ sọ́wọ́ òmíràn. Ohun tí ojú mi rí ni ó tẹ̀ lé e: iye owó, àwọ̀ iwájú, àwọ̀ ẹ̀yìn, ihò, àmì bébà, òǹtẹ̀, àlébù, ibi tí mo ti rí i. Ìparí pátápátá ni nọ́ńbà Gibbons wà, pẹ̀lú ọdún tí a tẹ ẹ̀dà ìwé àkójọ tí mo lò, nítorí pé wọn a máa fi oríṣi kún un, wọn a sì máa tún nọ́ńbà tò.

Ìwé ọlọ́wọ́ ni mo kọ́kọ́ lò kí n tó kó o sínú kọ̀ǹpútà, èdè wa gan-an ni ó sì dá wàhálà àkọ́kọ́ sílẹ̀. Nínú ìwé àtijọ́ náà, mo kọ "sísì" (kọ́bọ̀ mẹ́fà àtijọ́) àti "kọ́bọ̀" bí a ṣe ń pè wọ́n nílé. Ṣùgbọ́n nígbà tí owó yí padà ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1973, tí ṣílè mẹ́wàá di náírà kan, a kò kó àwọn orúkọ náà dànù: kọ́bọ̀ márùn-ún tuntun ni àwọn ará ọjà ń pè ní sísì, kọ́bọ̀ mẹ́wàá sì ni ṣílè. Mo wá bá ìlà mẹ́tàdínlógún nínú ìwé mi tí n kò mọ̀ bóyá owó ti ọba ni mo ń sọ tàbí owó ti náírà, àfi bí mo bá tún lọ wo sítáǹpù náà fúnra rẹ̀. Lónìí, d ni mo ń kọ fún kọ́bọ̀ àtijọ́, k fún ti tuntun, ọ̀rọ̀ náà sì ti yanjú. Excel náà fi tirẹ̀ kún un: mo tẹ 12-5 láti fi sọ pé ojú ewé 12, ìlà 5 nínú álíbọ́ọ̀mù ni sítáǹpù kan wà, ó sọ ọ́ di ọjọ́ inú kàlẹ́ńdà. Ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe irú rẹ̀, kí ó sọ fún òpó náà pé ọ̀rọ̀ lásán ni kí ó kà á sí kí ó tó bẹ̀rẹ̀.

Ibì kan wà tí ìwé àkójọ àti èmi kò ti gbà fún ara wa. Ní October 1960, wọ́n tẹ CAMEROONS U.K.T.T. (United Kingdom Trust Territory, ilẹ̀ tí àjọ UN fi sábẹ́ ìtọ́jú Gẹ̀ẹ́sì) lé orí àwọn sítáǹpù Nàìjíríà ti 1953, kí Gúúsù Kamẹrúùnù lè máa lò wọ́n nígbà tí Nàìjíríà ti gba òmìnira. Abẹ́ Kamẹrúùnù ni ìwé àkójọ kọ wọ́n sí. Sítáǹpù sísì inú wọn ní orí idẹ Ifẹ̀ lára, orí kan náà tí ó wà lára sísì Nàìjíríà. N kò lè yà wọ́n nípá. Abẹ́ Nàìjíríà ni mo tò wọ́n sí, mo kàn kọ ìtọ́ka síbẹ̀ fún ẹni tí yóò bá wá wọn níbòmíràn.

Ní ti àwọ̀, mo ti fi òpin sí i. Sísì Ifẹ̀ yẹn gan-an wà ní àwọ̀ ilẹ̀ méjì tí ìwé àkójọ fún ní orúkọ ọ̀tọ̀, mo sì fara mọ́ ọn, ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá tò ogún rẹ̀ kalẹ̀, yóò rí àwọ̀ mẹ́fà, oòrùn àti ọ̀rinrin ni ó sì ya mẹ́rin nínú wọn. Àwọ̀ tí kò bá sí nínú ìwé àkójọ, tí ihò, bébà tàbí òǹtẹ̀ kò sì jẹ́rìí sí, n kì í fún un ní ìlà.

Toro kẹrin ni ó ku iṣẹ́ lé lọ́wọ́ báyìí. Bí ẹ̀yìn rẹ̀ bá jẹ́ irú èyí tí mo rò, nǹkan bí 1920 ni bébà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Òǹtẹ̀ Abẹ́òkúta wà ní igun rẹ̀, ó sì gba ara eyín etí kọjá, tí mo fi ń rí 19, tí mo ń rí 1 tàbí 2 lẹ́yìn rẹ̀, tí nọ́ńbà ìkẹyìn sì bá àpò ìwé lọ. Bí ó bá jẹ́ 1, bóyá ni mo tọ̀nà. Abẹ́ gílóòbù ni mo ti wò ó lálẹ́ àná, gílóòbù a sì máa pa àwọ̀ dà. Mo ti kọ àmì ìbéèrè sí i, mo sì ti gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, n óò tún un wò nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́.